Octopus inú pálọ̀ wa ní Parakin

Nígbà tí mo gbé octopus àkọ́kọ́, ẹran inú òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ, wọlé wa ní Ifẹ̀, ohun tí màmá mi kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé sísè ni àbí yíyan?" Mo ní sínsìn ni. Wọ́n wò mí títí, wọ́n mi orí, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò. Èmi ni mo sì pa á. Mo ti sin ẹja rí nínú àpótí gíláàsì tí mo fi í sí. Nígbà tí funfun ń ta tótòtó sí àwọn ẹja náà lára, mo da oògùn kan sómi, ara wọn sì yá. Bàbà ló wà nínú oògùn ọ̀hún. Mo fọ gíláàsì, mo pààrọ̀ omi, ṣùgbọ́n bàbà ti wọnú òkúta ìsàlẹ̀, ó sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Octopus kì í fara da bàbà nínú omi, bó ti wù kó kéré mọ. Bẹ́ẹ̀ bàbà yìí kan náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí irin ṣe wà nínú tiwa. Òun ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí bí omi aró! Bí ẹ bá ti da irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú gíláàsì kan rí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹja. Ẹ ra òmíràn, àtòkúta àti gíláàsì.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi sùúrù ṣe é. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bí gíráàmù iyọ̀ 35, nítorí náà àpótí mi tó gba lítà 250 gba iyọ̀ tó sún mọ́ kílò 9. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún akuéríọ̀mù, irú àpótí gíláàsì yìí, ni, Èkó ni mo ti rí i rà. Mo wá fi omi náà sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, mò ń ju edé kọ̀ọ̀kan sí i, kí bakitéríà tó ń jẹ ammonia, májèlé tí ìgbẹ́ ẹran omi àti oúnjẹ jíjẹrà ń mú wá, lè pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará ilé ń bi mí bóyá omi ni mò ń sìn. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Apẹja kan ní Àgbádárìgì ló bá mi tọ́jú èyí tó bọ́ sínú àwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé e rìn, ẹ mú omi òkun mìíràn dání, torí bí ẹ̀rù bá bà á, á tu yíǹkì, omi dúdú inú rẹ̀, yíǹkì náà sì lè pa á nínú ọ̀rá kékeré.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ rí i pé ẹ ní ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi. Nígbà ooru, píọ̀ wọ́tà dídì ni mò ń jù sómi láìtú u, kó má baà gbóná ju ìwọ̀n 26°C lọ. Ìyá tó ń tà á rò pé ìnáwó ni mo fẹ́ ṣe.

Ẹ tún wo ìdérí dáadáa. Ẹnu octopus tó dà bíi ti ayékòótọ́ nìkan ló le lára rẹ̀. Ibi tí ẹnu yẹn bá ti gbà, gbogbo ara á gbà. Ihò wáyà ni tèmi gbà jáde lóru ọjọ́ kan, ẹ̀yìn firísà ni mo ti bá a. Ní 2016, octopus kan tó ń jẹ́ Inky gba páìpù sá kúrò nínú ilé àfihàn ẹran omi kan ní New Zealand, ó bọ́ sókun. Ní Ifẹ̀, ibo ni tèmi fẹ́ bọ́ sí, gọ́tà?

Ní oṣù kẹfà tó ti wà lọ́dọ̀ mi, ó yé ẹyin sínú ìkòkò amọ̀ Ìpetumodù tí mo fi ṣe ilé fún un, wọ́n so rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹun mọ́. Mo gbé akàn síwájú rẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Omi ló ń fẹ́ sí ẹyin tọ̀sántòru. Bí ìyá octopus ṣe ń ṣe nìyẹn: bí ẹyin bá ti pa, ó parí fún un. Kò sí oògùn rẹ̀, mo wá a títí.

Màmá mi tó béèrè sísè àbí yíyan ló wá ń jókòó tì í lálẹ́. Wọ́n ní kí n yí iná pálọ̀ sílẹ̀, kó má baà máa tàn mọ́ abiyamọ lójú.