Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Dìbò Kí Wọ́n Tó Kó Gọ́tà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí mo mọ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí, ọmọ tó bá pẹ́ dé á gé koríko, èyí tó bá pariwo á gbálẹ̀. Tó bá di àsìkò Sífíìkì, ẹ̀kọ́ nípa jíjẹ́ ọmọ ìlú rere, olùkọ́ kan náà á wá máa sọ pé ohun iyì ni kéèyàn yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìlú. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ yìí, ẹ wá ìyà mìíràn fún ọmọ tó pẹ́.

Ẹ má sì bá wọn yan iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Nínú kíláàsì mi, àwọn kan fẹ́ kó gọ́tà tó wà lójú ọ̀nà ọjà, àwọn kan ní àwọn ọmọ JSS1 tí kò tíì lè kàwé dáadáa ló yẹ ká máa kọ́ lẹ́yìn ìjáde. A dìbò, a sì kà á sókè lójú gbogbo wọn. Gọ́tà ló wọlé. Ọmọbìnrin tó ṣáájú àwọn tó fìdí rẹmi wá bá mi: "Mà, ṣé dandan ni kí n wá?" Mo ní kì í ṣe dandan. Ó wá, ó gbé ṣọ́bìrì, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ pé tó bá di táàmù tó ń bọ̀, àbá òun ṣì ń padà wá. Inú mi dùn sí ẹnu rẹ̀ yẹn ju gọ́tà lọ.

Wọ́n dáwó, wọ́n yan akápò, akápò sì ṣírò owó. Bí ẹnì kan ṣe béèrè ṣéńjì omi inú ọ̀rá, akápò bínú. Ìgbà yẹn ni mo mú ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì wọlé. Àwọn ìjòyè méje ni, Baṣọ̀run ni olórí wọn, láyé àtijọ́, wọ́n sì lágbára láti kọ Aláàfin tó bá ṣìjọba, kó sì di dandan fún un láti kú. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́-Ilé, Baṣọ̀run Gáà tó yẹ kó máa ká ọba lọ́wọ́ kò ló tún fúnra rẹ̀ di apàṣẹwàá, àfi ìgbà tí Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ta ló wá ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ni? Aago lù, wọn ò dìde. (Àwọn ọmọbìnrin kì í pẹ́ béèrè ìdí tí kò fi sí obìnrin nínú méje náà. Ẹ má ṣe yẹ̀ ẹ́.)

Àwọn SS3 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 18 tí wọ́n lè fi dìbò. Òfin 2018 tí wọ́n ń pè ní "Not Too Young To Run" sì ti dín ọjọ́ orí ẹni tó lè díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kù láti 30 sí 25. Wọ́n á ka ìka, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ fò ni pé ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka títọ́jú ojú ọ̀nà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ń kó o láìbi káńsílọ̀ léèrè, ọ̀lẹ là ń bá ṣiṣẹ́. Nítorí náà, lẹ́yìn ṣọ́bìrì, lẹ́tà ló kàn. Àwọn fúnra wọn ni kó kọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n gbé e lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi lu òǹtẹ̀ àti déètì mọ́ ẹ̀dà tiwọn.