Wọ́n Máa Lọ Náà Ni

Láti ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ yẹn ti há mi lọ́fun. "Dɛn go go," ní Krio, èdè àwọn ará Sierra Leone níbí. Wọ́n máa lọ. Kì í ṣe èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún o, n ò sì sápamọ́ láti gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Freetown ni mo wà tí mò ń ṣan abọ́. Àwọn ìyá ń gún ewé ẹ̀gẹ́ lábẹ́ páànù, wọ́n ń ṣètò èsúsú tuntun. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi ìyàwó Pásítọ̀, ìyẹn èmi, kún un. Òmíràn ò tilẹ̀ dá ọmọ odó dúró tó fi ní ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n máa lọ. Gbì, gbì. Ni wọ́n bá bọ́ sórí iye tí kálukú á máa dá.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe owó èsúsú ló ń dùn mí. Owó tí mo fẹ́ dá gan-an dà? Bí náírà ṣe ń ṣe láti 2023, tí a bá ṣẹ́ owó tí ìjọ fi ránṣẹ́ láti ilé ní Nàìjíríà sí Leone, owó ibí, tán, ẹ ti mọ ìyókù. (Fọ́tò ni wọ́n ṣì ń bèèrè. Ká sì rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀.) Kí ló wá ń dùn mí?

Bóyá pé òótọ́ ni. Bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ kó èsúsú, tó wá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí pápákọ̀ òfurufú Lungi, tí bàlúù gbé e kó tó dá tiẹ̀ tán, ta ni wọ́n fẹ́ mú? Ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ la wà, tí àlejò kan dé, tí lẹ́tà kan ṣoṣo látọ̀dọ̀ àwọn tó rán an lè gbé e kúrò, èmi gan-an ni mo máa kọ́kọ́ ní ká yọ orúkọ ẹ̀.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣì ń dùn mí.

Òjò ò dá lónìí. Kíláàsì àwọn ọmọdé wáyé, àwọn tí ilé wọn súnmọ́ nìkan ló wá. Táǹkì náà ṣì ń jò.

Tí òjò bá ti ń rọ̀ báyìí nínú oṣù kẹjọ, àwọn ará Freetown kì í fi gbogbo ara sùn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni òkè ya lulẹ̀ ní Regent, àwọn tó kú àtàwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 1,000. Ibẹ̀ ni ìyá tó sọ̀rọ̀ yẹn ń gbé nígbà náà. Ó rí àwọn tó kó ìrẹsì àti kámẹ́rà dé, ó sì rí ẹ̀yìn wọn. Kó tó dìgbà yẹn, Ebola ti wá ní 2014. Ogun abẹ́lé tó parí ní 2002 ti kọjá lórí ẹ̀. Ẹni tójú ẹ̀ ti rí gbogbo èyí, ṣé mo fẹ́ kó máa fi ẹ̀rín èmi ṣèdúró fún owó ẹ̀ ni?

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní, "Àjàyí Crowther náà ò lọ ni?" Ó ní ibí ni ọkọ̀ tó gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú já a sí ní 1822, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay níbí ní 1827, ìgbà tó sì máa fi di 1846, Abẹ́òkúta ló ti bá ìyá ẹ̀ pàdé. Ó ní tí kò bá lọ, ta ni ì bá túmọ̀ Bíbélì fún wa?

Ìdáhùn orí pẹpẹ. N ò fèsì. Inú sì bí mi díẹ̀, torí ó máa ń ní ọ̀kan lápò. Àti pé Crowther, ilé ló ń lọ. Àwa náà tí a bá lọ, ilé la… Áà. Ohun tí ìyá yẹn ń wí gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọmọ wa kékeré yìí, ilé wo ló ní tó fẹ́ padà sí? Lálẹ́ àná, ìyá mi bi í lórí WhatsApp bóyá ó ti jẹun, ó ní "A dɔn it, Mama," pé òun ti jẹun. Ìyá mi ní, "Kí ló wí?" Kò mọ̀ ju ibí lọ. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń gba ọmọdé sí èsúsú, òun ni wọn ì bá gbà nínú ilé wa! Gbogbo àwọn ìyá yẹn ló ń fún un ní ẹran látinú ìkòkò.

Ọkọ mi ní, "Lọ bá wọn sọ ọ́." Kí n ní kí ni? Pé a ò ní lọ? N ò lè búra. Pé a máa lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí?

Tí mo bá ní kí n kó kẹ́yìn ńkọ́? Ẹni tó ń kó kẹ́yìn ò lè gbówó ẹnikẹ́ni sá lọ. Àwọn ni wọn á máa jẹ mí. Wọn ò ní rí nǹkan sọ sí ìyẹn. Àfi tí lẹ́tà bá dé kó tó kàn mí, tí mo wá fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn… ó dáa náà. Àbí kò dáa? Owó ilé ìwé ti sún mọ́lé.

Iná dé! Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ tan pọ́ǹpù omi.