Ibà Ọjọ́ Mẹ́ta: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Àìsàn Àbúrò Mi

Ọdún mẹ́fà ni àbúrò mi obìnrin fi bá àrùn lupus yí nílé wa ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́. Oríkèé tó ń ro ó àti ohun tó sú sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ni à ń bẹ̀rù, a kò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn ni ikú yóò gbà wọlé.

Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ Ajé, oògùn ibà ni mo rà fún un. Lọ́jọ́ kejì, ìyá wa se àgbo. Àmàlà láfún tó fẹ́ràn, òkèlè méjì péré ló jẹ. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀, mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbé sókè bó ti ń mí, kò sì lè sọ̀rọ̀ kan parí kó tó sinmi. Òtútù àyà ti gba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kí a tó gbé e dé ọsibítù.

Dókítà ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé nínú lupus, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà ló ń dojú kọ ara fúnra rẹ̀, àti pé oògùn bíi prednisolone tó ń rọ agbára yìí lójú náà ló ń jẹ́ kí àkóràn tètè ráyè. Nítorí náà, bí ara ẹni tó ní lupus bá gbóná, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì dárúkọ àìsàn rẹ̀ àti oògùn tó ń lò kí wọ́n tó bi yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó dá prednisolone dúró lójijì, nítorí ìyẹn náà lè pa á.

Lupus tún lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìtọ̀ tó ń hó bí omi ọṣẹ àti ẹsẹ̀ wíwú kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò dá.

Àrùn ọkàn ni kò wá sí mi lọ́kàn rí. Ní 1976, dókítà Murray Urowitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto, ní Kánádà, kọ ọ́ pé nínú àwọn tó ní lupus, àwọn tó tètè kú, àìsàn náà fúnra rẹ̀ àti àkóràn ló sábà ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn ló ń pa àwọn tó pẹ́ láyé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ti ní lupus báyìí. Gbogbo ìgbà tó bá lọ rí dókítà, mo máa ń bá a lọ, mo sì máa ń kọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sínú ìwé.