Pátánì tẹ́dì ní Sábó

Mo rí i gbà láàárọ̀ yìí! Màmá aránṣọ kan ní Sábó, Ìkòròdú, ló fa pátánì tẹ́dì yọ lábẹ́ máṣíìnì wọn, ìyẹn àwòṣe tí a fi ń gé aṣọ láti rán ọmọláńgidi tó rí bíi béárì. Orí páálí ni wọ́n gé e sí.

Ẹ̀yà kan ló gbà mí lọ́kàn: èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń wọ àárín ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì, láti imú dé ìpàkọ́. Òun ló ń jẹ́ kí orí tẹ́dì rí roboto. Bí kò bá sí i, á kàn rí pẹlẹbẹ ni. "Fi àyè sílẹ̀ létí aṣọ fún rírán o, ọmọ mi," ni màmá wí.

Àgékù ańkárá ni màá fi rán an fún ọmọ mi. Inú mi dùn gan-an! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló ti rí pátánì ehoro tàbí erin rí?