Ohun tí kíláàsì Apo kọ́ mi nípa kíkọ àlàyé

Nígbà tí mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, mo dá kíláàsì kan, ìyẹn àwòṣe tí ètò fi ń ṣẹ̀dá àwọn nǹkan irú kan náà, sílẹ̀ ní Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, mo pè é ní Apo, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sì kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀: “Kíláàsì àpò nìyí.” Kò pé oṣù méjì tí àbúrò kan wá bá mi ṣiṣẹ́, tó ń fi ìwúwo kajú pẹ̀lú ti àpò rẹ̀ sí iwuwo, ìyẹn àyè tí Apo ń pa ìwúwo mọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ìwúwo kajú nìkan ni èmi ń fi síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó àwọn àgbẹ̀ dàrú. Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ibo ni mo ti lè kà á pé ẹ máa ń yọ ti àpò kúrò?” Mi ò rí ibì kankan tọ́ka sí.

Lóòótọ́, mo ti kọ float, àmì tó ń sọ irú dátà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ iwuwo, nítorí láti ẹ̀dà 3.5 tó jáde ní 2015 ni Python ti ní ọ̀nà tó péye fún irú àmì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí float lè sọ kò ju pé nọ́ńbà ni lọ. Kò lè sọ bóyá kílò ni tàbí tọ́ọ̀nù, Python fúnra rẹ̀ kì í sì í yẹ àmì náà wò nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́.

Ní báyìí, nínú docstring, ìyẹn àlàyé tí a ń kọ sábẹ́ orúkọ kíláàsì, tí àṣẹ help ti Python máa ń fi han ẹni tó bá béèrè, mo máa ń kọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ láé nípa kíláàsì náà: kílò ni iwuwo, a ti yọ ti àpò kúrò, ó gbọ́dọ̀ ju òdo lọ, a kì í sì í yí i padà lẹ́yìn tí a bá ti sanwó. Ibí yìí ni mo ń lo àkókò mi jù, nítorí ẹni tó bá fẹ́ fi method tuntun (iṣẹ́ tí kíláàsì lè ṣe) kún un níláti mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ bàjẹ́. Bí kíláàsì mìíràn bá jogún rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó fi rọ́pò àti ohun tó fi kún un, gẹ́gẹ́ bí PEP 257, ìwé ìlànà Python lórí docstring, ṣe là á sílẹ̀.

Ẹ fi àpẹẹrẹ tí doctest, irinṣẹ́ Python tó ń dán àpẹẹrẹ inú docstring wò, lè yẹ̀ wò síbẹ̀ pẹ̀lú, kí àlàyé má baà dúró sójú kan nígbà tí kóòdù bá ti yí padà. Àbúrò yẹn ló kọ àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ sínú Apo: òṣùwọ̀n ka kílò 81, àpò òfìfo jẹ́ kílò 1, iwuwo sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 80.