Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: “Ẹ má ronú mọ́” kì í ṣe ìtọ́jú

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alátọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Ìkòròdú, ẹ mọ ohùn yìí: “Nọ́ọ̀sì, ọdẹ orí yìí fẹ́ pa mí. Ó ń rìn lórí mi bí eèrà.” Ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà nínú ikùn irú màmá bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ wọn ṣúgà wọn ná. Ṣúgà tó bá lọ sí abẹ́ 70 mg/dL náà máa ń mú ara gbọ̀n, tí àyà á sì máa já.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ wọn ìfúnpá, ẹ tú aṣọ ẹ̀rọ kúrò lápá, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń wọn ìfúnpá rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó kàn máa fi oògùn kún oògùn ni.

Ìṣẹ́jú 15 tó fún ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ ní kí ọmọ tó mú wọn wá dúró níta, torí òun ni yóò máa dáhùn. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé? Báwo ló ṣe rí lára yín? Nínú gbogbo ẹ̀, èwo ló ń dùn yín jù? Báwo lẹ ṣe ń fara dà á? Ìbéèrè kẹta yẹn lèmi kì í fò. A lè rò pé egbò ẹsẹ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, kó sì jẹ́ owó àjọ tí wọ́n kó ní Sábó, tí wọn ò rí san, ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn.

Bí wọ́n bá sunkún, ẹ dákẹ́. Ibí la ti máa ń bà á jẹ́: a ó ní “ẹ má ronú mọ́”, a ó gbàdúrà kíákíá, ọ̀rọ̀ á sì padà sí ikùn. (Àdúrà ò burú, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán.) “Ẹ kú ìfaradà, màmá” ti tó. Ẹ wá jọ mú ohun kékeré kan tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó padà wá, ẹ kọ ọ́ sínú káàdì, kí nọ́ọ̀sì mìíràn lè béèrè rẹ̀.

Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2 tí inú wọn bà jẹ́, tí ohun tí wọ́n fẹ́ràn ò wù wọ́n mọ́, ẹ bi wọ́n gbangba: “Ṣé ó ti ń ṣe yín bíi kí ẹ para yín?” Ìbéèrè yẹn kì í kó o sí wọn lórí. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá lọ sílé. Ẹ pe ẹbí, kí wọ́n kó ọ̀tápíàpíà àti oògùn kúrò nílẹ̀, kí dókítà sì rí wọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ọ̀nà bá já sí Yábà, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, ẹ ṣàlàyé kí ẹ tó kọ ìwé. Ẹni tó bá gbọ́ Yábà lójijì á rò pé wèrè lẹ pe òun. Kò ní lọ, ó sì lè má padà wá gba oògùn ìfúnpá pàápàá.