Ilé inú kọ̀ǹpútà: mo ní kí wọ́n fọ abọ́, wọ́n fọ́ abọ́

Sátidé, alẹ́

Iṣẹ́ àṣetiléwá àbúrò mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ètò kékeré kan tí class (àpẹẹrẹ tí a fi ń dá nǹkan inú ètò) bíi mẹ́ta yóò wà nínú rẹ̀, kí ọ̀kan jogún òmíràn, ìyẹn ni pé kí ó gba ohun tí òmíràn ti ní. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ajá tó ń gbó àti ológbò tó ń ké. Òun ní iṣẹ́ ilé lòun máa kọ ní tòun, torí òun nìkan ló ń ṣe é nínú ilé yìí. Mo jókòó tì í kí n lè ràn án lọ́wọ́. Ó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ láti Mọ́ńdè. Èmi ni mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ tò ó rèé: `Ènìyàn` wà lókè, `Ọmọkùnrin` àti `Ọmọbìnrin` jogún un. Mo fi omi pípọn sọ́dọ̀ ọmọkùnrin, mo fi abọ́ fífọ̀ àti ọbẹ̀ sísè sọ́dọ̀ ọmọbìnrin. Àbúrò mi wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi, ó ní, "Bọ̀dá mi, nígbà tí ẹ ń ṣe àgùnbánirọ̀, ta ló ń bá yín fọ abọ́?"

Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fọ̀. Kóòdù náà ti ń jẹ́rìí fún un pẹ̀lú: nígbà tí mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì lè gbálẹ̀, ìlà mẹ́sàn-án kan náà ni mo tún dà kọ sí apá kejì. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo lọ sùn.

Ọjọ́ Àìkú

Lónìí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló di object, ìyẹn ohun tí a dá láti ara class. `Iṣẹ́` ni ìyá. `Gbálẹ̀`, `PọnOmi`, `FọAbọ́` àti `LọAta` jogún un. Ìyá mọ ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ ń gbà àti ọjọ́ orí tí ọmọ gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́ (ẹ ò ní gbé àyọ́ọ̀nù fún ọmọ ọdún márùn-ún). Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é wà nínú `ṣe()`, olúkúlùkù sì ní tirẹ̀. Ọmọ kàn ń pe `ṣe()` lórí iṣẹ́ tó bá kàn án. Bó ṣe rí nínú ò kàn án.

Ìyẹn ni àwọn ìwé ń pè ní polymorphism, tí wọ́n ń fi ojú ewé mẹ́wàá ṣàlàyé. Ọmọ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n kó tó mọ̀wé. Wọ́n ní kó fọ abọ́, kó fọ aṣọ, kó fọ ẹnu. Ohun tó tẹ̀ lé "fọ" ló ń sọ fún un bóyá kànìnkànìn ni kó mú, tàbí báàfù àti okùn ìsáṣọ, tàbí pákò. Mi ò tíì rí ọmọ tí wọ́n ní kó fọ ẹnu tó lọ gbé báàfù.

Mo tún rí i kà pé irú eré yìí gan-an ló bí ọ̀rọ̀ class àti object. Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, ọmọ Norway méjì, ló ṣe èdè Simula ní Oslo ní àwọn ọdún 1960, kí wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà sín ohun tó ń lọ láyé jẹ: àwọn ènìyàn tó tò síwájú kánńtà, ọjà tó ń wọlé, ọjà tó ń jáde. Inú Simula 67 ni class àti jíjogún ti fara hàn. Python ò dé títí di 1991. Nítorí náà, ẹni tó bá ní mò ń fi iná ṣòfò, kó lọ bá àwọn ará Oslo wíjọ́.

Ọjọ́rú

Mo bí ọmọ mẹ́ta sínú ilé: Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú. Mo ní kí Táyé gbálẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbálẹ̀. Mo ní kí Ìdòwú lọ ata, ata di lílọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbà mí ju wákàtí kan lọ kí n tó rí i pé ìlà kejì ni:

```
class Ọmọ:
    iṣẹ́ = []
```

Ara class ni list (àkójọ) yẹn wà, gbogbo ọmọ ló ń mú nínú ẹyọ kan náà. Bí ìgbà tí ìyá kọ iṣẹ́ sára ògiri, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá sì ń ṣe é látòkè délẹ̀. Mo gbé e wọnú `__init__` (apá tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá bí ọmọ kọ̀ọ̀kan), mo kọ ọ́ ní `self.iṣẹ́ = []`. Olúkúlùkù ti ní ìwé tirẹ̀ báyìí.

Ọjọ́bọ̀

Kò síná. Mo fi fóònù tẹ orúkọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sínú fáìlì.

Sátidé

Fáìlì orí fóònù yẹn ni mo gbé wọlé láàárọ̀. Kọ̀ǹpútà ní `KeyError: 'gbálẹ̀'`, pé òun ò rí orúkọ yẹn. Mo wo inú dict (àtẹ tí Python fi ń wá nǹkan nípa orúkọ), `'gbálẹ̀'` jókòó síbẹ̀ gedegbe. Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní lẹ́tà lẹ́tà, mi ò rí ìyàtọ̀. Nígbà tó sú mi, mo ní kó ka gígùn wọn fún mi: ti inú kóòdù jẹ́ mẹ́fà, ti fóònù jẹ́ mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí gbogbo ẹni tó bá ń fi Yorùbá kọ kóòdù ló máa kò ó lọ́nà. Á tó wà láàárín "gbálẹ̀" lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ a àti àmì ohùn lọ́tọ̀. Ẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ḿbà, ò ní ẹyọ kan tó gbé lẹ́tà, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn pọ̀; lẹ́tà ẹ lè wà ní tirẹ̀ kí àmì ohùn gùn ún, tàbí kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tú ká. Fóònù mi tú gbogbo rẹ̀ ká. Tó bá jẹ́ orúkọ class ni, Python fúnra rẹ̀ á sọ wọ́n dọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi àmì ìfàyọ há ní tirẹ̀, kì í fọwọ́ kàn án.

Mo wá ya ọ̀lẹ. Mo ní kó bó gbogbo àmì dànù, kí gbálẹ̀ di gbale, kí ara tù wá. KeyError lọ lóòótọ́. Mo ní kí ilé náà lo ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ jẹ ẹ̀bà. Ohun tí mo bá nìyí:

```
Mọ́ńdè  7:10   Kẹ́hìndé  fo abo   abọ́ tó kù: 8
Mọ́ńdè  19:40  Táyé     fo abo   abọ́ tó kù: 4
Túsìdé 7:10   Ìdòwú    fo abo   abọ́ tó kù: 0
```

Láti Túsìdé lọ, kò sẹ́ni tó jẹun nínú ilé yẹn.

Ẹ ti rí i. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo ti fi jàǹbá kún un, pé abọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ọmọ: "fọ́ abọ́" wà nínú dict lẹ́yìn "fọ abọ́". Bí mo ṣe bó àmì, àwọn méjèèjì di "fo abo". Èyí tó kẹ́yìn sì gorí èyí tó ṣáájú, torí Python kì í kìlọ̀ fúnni tí orúkọ bá ṣe méjì nínú dict. Gbogbo ìgbà tí ìyá bá ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ń fọ́ ọ ni. Mo rántí olùkọ́ Yorùbá mi ní JSS2, tó máa ń yọ máàkì kan fún àmì ohùn kọ̀ọ̀kan tí a bá gbàgbé. Mo bínú sí wọn nígbà náà.

Ojútùú gidi ò ju ìlà kan lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń wọlé gba `unicodedata.normalize("NFC", ọ̀rọ̀)` kọjá (NFC ń so lẹ́tà àti àmì tó bá lè di ẹyọ kan pọ̀), àmì ohùn dúró sí àyè rẹ̀, gbálẹ̀ ibí àti gbálẹ̀ ọ̀hún di mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ ṣọ́ra ṣá: àwọn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé kan máa ń fi igi kékeré sábẹ́ e àti o dípò àmì tótó (dot). NFC ò ka ìyẹn sí ọ̀kan náà. Ọwọ́ ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀, U+0329 (nọ́ḿbà igi náà) di U+0323 (ti àmì tótó), kí ó tó kọjá sí NFC.

Ọjọ́ Àìkú

Iṣẹ́ ti ń tò báyìí pẹ̀lú heapq, irinṣẹ́ Python tó ń mú èyí tó kéré jù síwájú: aago tó yá jù ló ń ṣáájú. Tí aago bá bára mu, ó ní láti wo ohun mìíràn, mo sì ní kó wo ọjọ́ orí. Ó dára fún Ìdòwú. Ó kan àwọn ìbejì, ọjọ́ orí dọ́gba, Python bá ń gbìyànjú àtifi `Gbálẹ̀` wé `LọAta` wo èwo ló kéré. TypeError: kò mọ bó ṣe máa fi wọ́n wé ara wọn. Mo fẹ́ ní kí ẹni tí mo kọ́kọ́ kọ sínú kóòdù ṣáájú, ìyẹn Táyé. Màmá wa tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò."

Mo bá fún wọn ní `ipò`: Kẹ́hìndé 1, Táyé 2, Ìdòwú 3. Mo tún ní kí iṣẹ́ tí kò bá ní olórí máa já sọ́dọ̀ ẹni tí ipò rẹ̀ tóbi jù, bí wọ́n ṣe ń rán àbúrò níṣẹ́. Mo sáré rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Ìdòwú ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Àbúrò mi ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́, pé ó ti bá ilé mu. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mo máa jẹ́ kó ka ìṣẹ́jú tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti fi ṣiṣẹ́, kí iṣẹ́ tó kàn bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ kéré jù.